Ẹnu Tó Rún Iṣu fún Rose

Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ní gbogbo ọjọ́ ayé Àpèkẹ́, Adúmáadán ni mo ń pè é, nítorí pé ó dúdú, ó sì ń dán bí ẹni pé epo ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ Adúmáadán sínú ìwé, ẹni tí kò gbé agbo ilé wa ní Ìsúndúnrìn rí kò ní mọ ẹni tí mò ń wí, torí gbogbo ilé ló ní Adúmáadán tiwọn. Nítorí náà, kí ó forí jì mí níbi tó wà, Àpèkẹ́ ni n óò máa pè é. Bí mo bá sì ń sọ "ó" fún àwọn tó jù mí lọ, ẹ má sọ pé wọn kò kọ́ mi nílé. Ìtàn ni mò ń kọ.

Ọmọ ilé ni Àpèkẹ́. Wọ́n ti fà á fọ́kọ rí ní ìlú Ara. Ó pẹ́ níbẹ̀, kò rí oyún ní, ni ìyá ọkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ṣé ẹ mọ irú ilẹ̀ gbígbá bẹ́ẹ̀? Èèyàn jókòó, wọ́n ní kó gbé ẹsẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀, wọ́n ní ibi tó gbé e sí gan-an ló dọ̀tí. Nígbà tó sú u, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé baba rẹ̀, ó di dalémosú. Kò sí ẹni tó lé e nílé wa, n kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ tán kí wọ́n tó rántí ẹni, ibẹ̀ kì í tuni lára.

Ohun kan ṣoṣo ló fún un ní ìjókòó tirẹ̀ láàrin wa: òun ló ń gún iyán Ògìyán. Ẹ̀jìgbò àti gbogbo agbègbè rẹ̀ ló ń bọ Ògìyán, ṣùgbọ́n agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló mọ bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Ní tiwa, ọmọ ilé obìnrin kan ló ń gún iyán iṣu tuntun àkọ́kọ́ tí òrìṣà máa jẹ. Ẹ̀gbọ́n baba Àpèkẹ́ obìnrin ló ń gún un títí ó fi kú, lẹ́yìn rẹ̀ ọmọ odó kan Àpèkẹ́. Èèwọ̀ rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Títí òrìṣà yóò fi jẹ, iṣu tuntun kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹni tó máa gún iyán. Àwa yòókù náà kì í jẹ ẹ́, àmọ́ bí ẹnu ẹnìkan bá ṣèèṣì yá nínú wa, ìtanràn ló máa san. Bí ẹni tó ń gún iyán bá ṣe é, ọmọ odó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì ní padà sí i mọ́ láéláé.

Ọmọdé nìkan ni èèwọ̀ yìí kò mú. Bí iṣu ọdún tó kọjá bá ti tán nílé, tí ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tíì pé bá ń sunkún ebi, ìyá rẹ̀ lè rún iṣu tuntun kó fi sí i lẹ́nu, bí kò bá ṣáà ti gbé e mì. Lẹ́yìn náà ìyá ọlọ́mọ mìíràn á bu omi fún un, á fi yọ ẹnu, ọ̀rọ̀ á parí. Àwọn àgbà ilé wa máa ń sọ pé ẹnu ìyá tó ń rún oúnjẹ fún ọmọ, ẹnu ọmọ ni. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo bí Olújídé, àkọ́bí mi. Wúràọlá, ìyálé gbogbo wa, ló bu omi fún mi, ó sì bú mi mọ́ ọn, torí mo da omi náà sí i lẹ́sẹ̀.

Àpèkẹ́ kò rí ẹni rún iṣu fún. Ọdọọdún tó bá ń gún iyán náà, ẹnu rẹ̀ a máa mì wúyẹ́wúyẹ́. Kò sọ ohun tó ń sọ fún òrìṣà fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Ọ̀rọ̀ ọgbà ẹranko wá ńkọ́? Àlíù Kódífuà ló dá a sílẹ̀. Oníṣòwò ni, mùsùlùmí, ọmọ Ẹ̀jìgbò pọ́ńbélé tó ti lo ìdajì ayé rẹ̀ ní Àbíjàn. Nígbà tí ogun Hítílà parí, ó kó dé pẹ̀lú aṣọ, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, àti èdè Faransé tó ń dà pọ̀ mọ́ tiwa bó bá ṣe wù ú. Ó ní òun rí ọgbà kan lọ́hùn-ún tí wọ́n ń sin ẹranko igbó sí, tí àwọn èèyàn ń wọṣọ ìyì lọ wò wọ́n, òun náà á sì ṣe irú rẹ̀. Ó gba ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìsúndúnrìn lọ sí Ẹ̀jìgbò, ó fi igi àti wáyà yí i ká, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ, ó sì dá igi odán ńlá tó bá níbẹ̀ sí kí ibòòji lè wà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro wọ́n. Níbi tí ìgalà ti jẹ́ ẹran ọbẹ̀, ta ni yóò wọṣọ lọ wo ìgalà? Bàbá kan bi Àlíù lójú ayé pé, "Ṣé kí n kàn máa wò ó ni, kí n má fi iyọ̀ sí i?"

Ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ. Ẹni tí kò bá ní owó ìwọlé, Àlíù gbà kó gbé ìdì koríko tàbí ìbẹ́pẹ kan dání. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹnu àwọn ẹranko ṣe ń jẹun láti ọwọ́ àwọn tó wá wò wọ́n. Ìgalà wà níbẹ̀, ẹtu wà níbẹ̀, òòrẹ̀, túùkú tó ń fi imú tú ilẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, odídẹrẹ́, ahun tí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀, àti àkàlàmàgbò kan tó ń rìn bíi baálẹ̀ tí wọn kò kí.

Àwọn ọmọ ọdẹ ni Àlíù kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Àṣìṣe gbáà ni. Òórùn igbó ọdẹ kì í tán lára ọmọ ọdẹ. Bí wọ́n bá ti wọlé báyìí, ìgalà á máa fi orí sọ wáyà, òòrẹ̀ á na gbogbo ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ máa ń dúró ti ẹtu, á máa fi ọwọ́ wọn itan rẹ̀ wò. Àlíù lé wọn lọ. Ó mú Mọ́rúfù, tó ti ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rí, fún iṣẹ́ alágbára, ó sì wá sí agbo ilé wa wá béèrè obìnrin tó mọ oúnjẹ í sè, tí kò ní ọmọ lẹ́yìn tí yóò máa dá a dúró. Gbogbo ojú yí sí Àpèkẹ́. Ó dùn mí fún un lọ́jọ́ náà. Òun kàn ní, "Ó dára," ó sì wọlé lọ mú ìborùn rẹ̀.

Iṣẹ́ náà bá a mu ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ìkòkò ńlá ló fi ń se ègbo fún túùkú. Ó ń gé ìbẹ́pẹ wẹ́wẹ́ fún àwọn ẹyẹ, ó ń já ewé odán àti ewé ìyeyè fún ẹtu ní ìrì àárọ̀, torí ẹtu kì í fẹnu kan ewé tó ti rọ. Ó ń fi ata bọ́ odídẹrẹ́ kó lè máa sọ̀rọ̀. Ó ń bá wọn wí, ó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ, ó sì ń kí ahun kí ó tó pa omi rẹ̀ dà. Ní ìrọ̀lẹ́ á padà wálé, ara rẹ̀ á máa rùn koríko, Wúràọlá á sì ké sí i láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ọkọ mi, Ìyá Ẹranko, ẹ kú iṣẹ́ o! Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe," Àpèkẹ́ á dáhùn. "N kì í ṣe ìyá ẹranko kankan."

Wúràọlá kò níkà nínú. Ahọ́n rẹ̀ ni kò ní ilẹ̀kùn.

Inú apẹ̀rẹ̀ ata ni Rose wà nígbà tó dé. Àwọn èèyàn Àlíù ló fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e láti Kódífuà: ọmọ ìnàkí tí kò tíì lè dá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ tínrín, etí rẹ̀ fẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti àgbàlagbà tí wọ́n rẹ́ jẹ lọ́jà. Aya òyìnbó kan lọ́hùn-ún ló sọ ọ́ ní Rose. Èmi kò gbọ́ orúkọ náà rí, ìnàkí ni mo ti kọ́kọ́ bá a pàdé.

Kò mu wàrà. Kò gba ọwọ́ Mọ́rúfù. Àlíù ń fi Faransé rọ̀ ọ́, "Dúsúmáà, Rose, dúsúmáà," pé kó rọra, Rose sì gé e jẹ. Ìgbà tí Àpèkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó gbé e, Rose fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Kò sí bí Àpèkẹ́ ṣe máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá pọ̀n ọ́n. Ó rún iṣu sísè, ó fi ìka kó o sí i lẹ́nu, Rose sì jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bọ́ ọ títí eyín fi kún ẹnu rẹ̀.

Mo rí ọ̀já tó fi pọ̀n ọ́n. Àpèkẹ́ ló hun ún fúnra rẹ̀ ní ọdún tí wọ́n gbé e níyàwó lọ sí Ara, ó sì ti wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀ látìgbà náà. Gbogbo obìnrin ilé wa ló mọ ọ̀já yẹn. Nígbà tí a rí i lára ìnàkí, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa, Wúràọlá pàápàá wo ibòmíràn.

Rose dàgbà, ó gbọ́n, ó sì ya ìpáǹle. Á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Mọ́rúfù, á gbálẹ̀ díẹ̀, á wá fi na àkàlàmàgbò. Á jí fìlà Àlíù, á gun odán lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí Àpèkẹ́ bá ti yọ lọ́nà, á sọ gbogbo rẹ̀ nù, á sáré wá síbi wáyà, á máa pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìròyìn yìí dé ilé, àánú tó ṣe Wúràọlá nítorí ọ̀já ti tán. Ìyá Rose ló wá ń pè é báyìí. Ní ọjọ́ kan Àpèkẹ́ sọ igbá ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ ti bí i. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Wúràọlá tọrọ àforíjì. Ó sì dákẹ́ títí di ọjọ́ kejì.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣu inú àká ń jẹrà, gbogbo ilé sì ń fi ẹ̀gẹ́ tan ara wọn jẹ títí Ògìyán yóò fi dé. Ìgbà náà gan-an ni ibà mú Rose. Nígbà tí ibà lọ, ẹnu rẹ̀ bẹ́ egbò láti ètè dé ọ̀fun. Àlíù lọ sọ́dọ̀ dísípẹ́ńsà, wọ́n fún un ní oògùn aláwọ̀ aró tí wọ́n fi ń kun ẹnu ọmọdé, ẹnu Rose wá dà bíi ti ẹni tó mu aró. Kò jẹun síbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tó fẹ́ràn jù ń ta á lẹ́nu, á ké, á jù ú nù. Ó ń tu ẹ̀kọ dànù. Mọ́rúfù gún iṣu fún un nínú odó kékeré, ó fi ṣíbí gbé e sún mọ́ ọn, Rose yíjú sí ògiri. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń hàn, a sì lè kà á.

Àpèkẹ́ ló rántí. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá a máa padà sí oúnjẹ tí wọ́n fi já a lẹ́nu ọmú. Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó bu iṣu ọdún tó kọjá, ó rún un kúnná bó ṣe ń ṣe nígbà tí Rose wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi ìka gbé e sí i lẹ́nu. Rose ti ń wo ẹnu tó ń rún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà á. Ó gbé e mì.

Láti ọjọ́ yẹn ni Àpèkẹ́ ti ń tọrọ iṣu ògbólógbòó kiri. Ó tọrọ nílé wa títí kò fi sí mọ́. Ó rin ẹsẹ̀ dé ìlú Ọlá. Nígbà tí ti Ọlá tán, ó lọ sí Ara, sí ilé tí wọ́n ti gbá ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀ àtijọ́, ó ní òun ń wá iṣu ọdún tó kọjá, ìwọ̀nba tí wọ́n bá ní. Kò sọ ẹni tó ń wá a fún. Wọ́n fún un. Ó rù ú wálé, kò sunkún, ó ní ìyá náà ti dàgbà, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ ríran dáadáa mọ́.

Iṣu yẹn náà tán. Ọjọ́ ọjà kan péré ló kù kí Ògìyán wa pé, ní Ẹ̀jìgbò àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá àtòrì tí wọ́n máa fi na ara wọn lọ́jọ́ ọdún. Mo gbé ewé odán lọ sí ọgbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti ràn án lọ́wọ́. Mo bá Àlíù àti Mọ́rúfù lórí ìdúró. Mọ́rúfù ti lọ sóko ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti wa iṣu tuntun, ó sì ti sè é. Funfun báláú, èéfín ń jáde lára rẹ̀. Mọ́rúfù ti rún un fúnra rẹ̀ síwájú Rose, ọkùnrin títóbi yẹn ń rún iṣu bí ìyá ọmọ, Rose kò sì wò ó.

Àlíù ní, "Àpèkẹ́, ẹ̀sìn tèmi kò bá iṣu jà. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé kí o ba tìrẹ jẹ́ nítorí ọgbà mi. Ẹranko ni. Bí Ọlọ́run bá gbà á, mẹsí, ká dúpẹ́." Ó yíjú, ó ń fi etí agbádá nu ojú.

Àpèkẹ́ jókòó sórí àpótí ìdáná rẹ̀, ó gbé Rose lé itan. Rose kò wúwo mọ́. Ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀, ó fi ìka kan ètè Àpèkẹ́, ó fi í síbẹ̀. Kò ṣe nǹkan mìíràn.

Àpèkẹ́ bu iṣu tuntun náà, ó fi sẹ́nu.

"Adúmáadán!" mo ké. "Ọmọ odó ńkọ́?"

Ó mi orí sí mi, torí ẹnu rẹ̀ kún. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rún un. Ó rún un kúnná, ó fi ìka gbé e sí Rose lẹ́nu, ó tún bu òmíràn. Mo rí ọ̀fun Rose tó ń lọ sókè sódò. Ọ̀fun Àpèkẹ́ kò lọ sókè, kò lọ sódò. Nígbà tí Rose yó, Àpèkẹ́ tu gbogbo tó kù lẹ́nu rẹ̀ sínú eérú.

"Ojú mi kò rí nǹkan kan o," Mọ́rúfù wí.

"Tèmi fọ́," ni mo wí.

Àpèkẹ́ ní, "Ti òrìṣà kò fọ́." Ó sì ń bọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn pé kí n bu omi fún un. Omi yẹn, ti ìyá ọlọ́mọ ni. Ta ni yóò rò ó?

Ọjọ́ Ògìyán mọ́. A ti fọ odó, a ti wọ aṣọ funfun, àwọn ọmọ ti tò sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ikùn òfìfo. Baba Àjàmú, baálé wa, àbúrò baba Àpèkẹ́, jókòó lórí awọ rẹ̀. Ó ti darúgbó, kì í jáde kúrò ní agbo ilé mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Wọ́n gbé iṣu tuntun jáde nínú ìkòkò, wọ́n kó o sínú odó. Baba mú ọmọ odó, ó nà án sí Àpèkẹ́.

Àpèkẹ́ kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, Baba. Ẹnu mi ti kan iṣu tuntun."

Ariwo sọ. Baba gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ilé dákẹ́.

"O jẹ ẹ́?"

"Mo rún un. N kò gbé e mì."

"Kí ló dé tí o rún un?"

"Mo rún un fún Rose. Iṣu àtijọ́ ti tán, kò sì gba ohun mìíràn."

"Ta ni Rose?"

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹranko Àlíù ni, Baba. Ìnàkí ni." Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Baba kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn.

"Àpèkẹ́ ni mo bi. Ta ni Rose jẹ́ sí ọ?"

Ìgbà yẹn ni ohun tí Baba ń ṣe yé mi. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí ẹnu tó rún iṣu kò fi ní jẹ́ ẹnu tó jẹ ẹ́, Baba ti ṣí ọ̀nà náà sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó ní láti gba ibẹ̀ kọjá fúnra rẹ̀, lójú gbogbo wa, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ti ń bá wa jà lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Iwájú òrìṣà ló sì ti máa sọ ọ́, òrìṣà tó ti ń bẹ̀ fún ọmọ lọ́dọọdún. Bí ó bá sọ ọ́, ó dà bí ẹni pé ó ti gbà pé èyí ni òrìṣà fún òun, kò sì ní bẹ̀bẹ̀ mọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ọmọ odó lọ nìyẹn.

Nígbà tó gbé ojú sókè, òrìṣà ló wò, kì í ṣe àwa.

"Ọmọ mi ni," ó wí. "Baba, ọmọ mi ni."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Baba ní, "Ta ló bu omi fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó bù ú."

"Ìyá ọlọ́mọ tó bá gbà pé ìyá ni ẹni yìí, kó bu omi fún un."

Mo ti ń dìde. Ọlọ́run gbọ́, mo ti gbé orúnkún nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Wúràọlá ti ṣáájú mi, ó ti dé ìdí àmù, ó ti fi igbá bu omi. Obìnrin tí ahọ́n rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn yìí rìn gba àárín agbo ilé kọjá láìsọ ọ̀rọ̀ kan, ó dúró síwájú Àpèkẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá náà fún un.

"Ìyá Rose," ó wí, ohùn rẹ̀ kò jọ ohùn rẹ̀, "ẹ gba omi. Ẹ fi yọ ẹnu."

Àpèkẹ́ gbà á. Ó yọ ẹnu, ó tu omi náà sílẹ̀, díẹ̀ ta sí Wúràọlá lẹ́sẹ̀, ìyẹn kò sì bú u. Àpèkẹ́ na ọwọ́, ó gba ọmọ odó.

Mo ti jẹ iyán púpọ̀ láyé mi. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti gún un bí ti ọjọ́ yẹn. Ẹnu Àpèkẹ́ kò mì wúyẹ́wúyẹ́ lọ́dún yẹn. Ó pa ẹnu dé, ó ń gún un.

Lẹ́yìn tí òrìṣà jẹ tán, Baba ń pín iyán sínú ewé. Orúkọ àkọ́bí ni ó fi ń pe ìyá kọ̀ọ̀kan, ìyá náà á jáde, á gba tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. "Ìyá Olújídé!" Mo jáde, mo gbà á. Lọ́dọọdún, ìparí pátápátá ni Baba máa ń pe Àpèkẹ́, orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń pè, ewé kan ló sì ń gbé fún un. Ọdún yẹn, àárín wa ló ti pè é. Ahọ́n rẹ̀ kò mọ orúkọ náà dáadáa.

"Ìyá Róòsì!"

Ewé méjì ló gbé lé e lọ́wọ́.

Kò jẹ tirẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀ lọ sójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, èmi àti Wúràọlá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wúràọlá kò dé ọgbà náà rí. Rose wà nídìí wáyà. Kò lè pàtẹ́wọ́, agbára rẹ̀ kò tíì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó ti dìde jókòó. Àpèkẹ́ wọlé, ó jókòó tì í, ó tú ewé. Kí ó tó bù ú, Rose ti na ọwọ́ tirẹ̀ sínú ewé. Ó bu iyán díẹ̀, ó wò ó, ó sì gbé e lọ sí ẹnu Àpèkẹ́. Bóyá ó fẹ́ kó rún un fún òun bó ṣe ti ń ṣe látẹ̀yìnwá ni. N kò mọ èrò ìnàkí.

Àpèkẹ́ la ẹnu. Rose fi iyán náà sí i. Àpèkẹ́ sì gbé e mì.